B Kan Ṣoṣo ní Ofiki

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí àwòrán, kò sí ipa ìka ọwọ́. B ni. B kan báyìí, lórí ìwé pélébé irú èyí tí ẹ̀rọ POS máa ń pọ̀ jáde. Ó wà nínú fáìlì lórí tábìlì mi ní tẹ́ṣàn Ṣakí láàárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n sì ti fi bírò pupa yí i po bí ẹni pé àyíká bírò ló ń sọ irọ́ di òótọ́.

"13:47. B."

Mo wò ó títí. Inú ń bí mi, n kò sì tíì mọ ohun tó ń bí mi nínú.

"Tóyọ̀sí," ọ̀gá wa yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀. "Kí lo tún ń wá nínú fáìlì yẹn? Ẹjọ́ yẹn ti tán."

"Ta ló parí rẹ̀, sà?"

Ó tú ẹjọ́ náà fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ABD. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin Ofiki wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹnìkan ṣí ilé irúgbìn Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀, ó kó àpò irúgbìn sóyà mẹ́jọ lọ. Irúgbìn tuntun ni, irú rẹ̀ kò sí lọ́jà, òjò sì ti ń sáré lọ. Wọn kò já ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́, káàdì ló ń ṣí i. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ní káàdì. Bí o bá fi tìrẹ kàn án, á ṣí, ẹ̀rọ á sì kọ orúkọ rẹ àti aago sílẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀rọ kọ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni B. Wọ́n yẹ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wò. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, ẹnìkan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ fi B bẹ̀rẹ̀: Bàṣírù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàṣírù kò sí ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n sì bá sóyà nínú báàgì ọ̀kadà rẹ̀.

"Kí lo tún fẹ́?" ni ọ̀gá wí. "Àwọn àgbà Ofiki ti bẹ̀ mí. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, kó jẹ́wọ́, kó bẹ̀bẹ̀, wọn á fi ṣe ti ilé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kóòtù ni lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Bí kì í bá ṣe òun ló jí i ńkọ́?"

"Ṣé Bàṣírù kì í fi B bẹ̀rẹ̀ mọ́ ni?"

"Sà, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. A gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ̀yin ọmọ Òkèhò yìí, orí kunkun kò ní pa yín!"

"Orí kunkun náà la fi kọ̀ fún òyìnbó lọ́dún 1916, sà."

"Wọ́n sì borí yín!"

"Wọ́n borí wa, sà. A sì ti kọ̀ fún wọn ná."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun fún mi di Àsárì ọ̀la. Bí n kò bá rí nǹkan kan, kí n fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lu fáìlì náà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì Wàhábì ló mú Bàṣírù jáde láti àtìmọ́lé. Díẹ̀ ló kù kí Sájẹ́ǹtì yìí pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ọmọ Ṣakí pọ́ńbélé ni. Èmi ni ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló tó bàbá mi, nítorí náà "ẹ" ni mò ń kí i, "ẹ" ni òun náà ń kí mi. Ó gbé àga fún Bàṣírù. Ọmọkùnrin náà ga, eruku ọ̀nà ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, kò sì wolẹ̀.

"Níbo lo wà ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá?"

"Ọ̀nà Komu. Ṣéènì ọ̀kadà mi já, mo ń tì í."

"Ta ló rí ọ?"

"Màlúù."

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín.

"Màlúù nìkan ni, Mádàámù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín."

"Ìrun Jímọ̀ ńkọ́?"

"Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi àti Ọlọ́run ló ni ìyẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́."

"Sóyà inú báàgì rẹ?"

"Ti oko mi ni, ti èsí. Ìyá mi fẹ́ fi ṣe wàrà."

Mo wá ní, "Wọ́n ní bí o bá dọ̀bálẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ tán."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé o máa dọ̀bálẹ̀?"

Ó gbójú sókè. "Mádàámù, ojoojúmọ́ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn bàbá yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ olè, n kò ní ṣe é. Ẹ gbé mi lọ sí kóòtù. Bí mo bá fi lè bẹ̀bẹ̀ lónìí, títí ayé ni, bí adìẹ kan bá sọnù ní Ofiki, ilé mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá."

Nígbà tí wọ́n mú un padà sínú, Sájẹ́ǹtì sún mọ́ mi. "Ọ̀gá, olè kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

"Àwọn olè kan wà tó ń sọ ọ́ ju báyìí lọ," ni mo fèsì. Ẹnu lásán ni. Mo ti gba ọmọ náà gbọ́, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí, torí ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Mo gba báàgì ọ̀kadà rẹ̀, a wọ ọkọ̀, ó di Ofiki.

*

Ọkùnrin méjì ló dúró dè wá níwájú ilé irúgbìn. Ọ̀kan ni Àlàájì Ismaheel, alága ẹgbẹ́, àgbàlagbà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Èkejì ni Tàófíìkì, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó sanra díẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi," Alága kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán, "kí lẹ tún wá ṣe? A ti ní ká fi ṣe ti ilé. Bí ariwo yìí bá dé etí àwọn tó fún wa nírúgbìn, wọn ò ní fún wa mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Bàbá, mo kàn fẹ́ wo inú ilé ni."

Ó yọ mí lẹ́nu bó ṣe ń kánjú. Ẹni tó ń kánjú báyìí, mo máa ń fura sí i.

Inú ilé irúgbìn tutù, ó sì mọ́. Níbi tí àpò mẹ́jọ yẹn wà tẹ́lẹ̀, hóró díẹ̀ ti dà sílẹ̀. Mo ṣa mẹ́ta. Wọ́n pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa wọ́n, wọ́n sì kùn mí lọ́wọ́.

"Kí ló pọ́n báyìí?"

"Oògùn ni, Mádàámù," Akọ̀wé fèsì kíá. "Wọ́n ti pò ó mọ́ irúgbìn náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ rántí fọ ọwọ́ o."

Mo ṣí báàgì Bàṣírù, mo da sóyà inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kejì. Funfun nini. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Ta ló wo èyí tó ní ọ̀kan náà ni wọ́n?"

Alága wo ọwọ́ mi, ó wo Akọ̀wé. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ó lè ti fọ̀ ọ́, Mádàámù."

"Wọ́n mú un kí Àsárì tó pé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó jalè, ó fọ sóyà, ó sá a, ó gbẹ, ó kó o sínú báàgì, ó wá ń ti ọ̀kadà kiri láti wá ẹni tó máa mú un. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ kò ṣáà lè parọ́," ni ó wí.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ ìwé gbogbo ẹni tó ti wọlé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yìí síbẹ̀."

"Èyí tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti tẹ̀ fún yín."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́, Akọ̀wé."

Ọmọbìnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà ló wá tẹ̀ ẹ́. Sodiqat lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, ó fi híjáàbù aláwọ̀ ewé borí. Ìwé pélébé náà ń jáde, ó ń gùn, ó dé ilẹ̀. Èmi àti Sájẹ́ǹtì tẹ́ ẹ sórí àwọn àpò.

B. B. B. Lẹ́yìn náà, àmì kan tí n kò rí rí nínú ìwé ọlọ́pàá: ìlà méjì tó dúró, tí ìlà kéékèèké méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí àkàsọ̀ tó kán sí méjì. B. B. Àkàsọ̀. B. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójoojúmọ́. Kò sí lẹ́tà mìíràn.

"Ọ̀gá, Bàṣírù yìí mà ń wọlé o," Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣé ibí yìí ló ń gbé ni?"

Ara mi yá gágá. Mo yíjú sí Akọ̀wé.

"Ẹ̀yin náà, ẹ máa ń wọlé síbí?"

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi ni mò ń ka àpò."

"T dà?"

"Kí ni?"

"T. Tàófíìkì. Mi ò rí T kan ṣoṣo níbí. Àlàájì Ismaheel, I tiyín náà dà? Àbí inú ògiri lẹ ń gbà wọlé?"

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ìwé náà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹ̀rín Akọ̀wé dínkù.

"Ẹ̀rọ náà máa ń ṣe wèrè nígbà mìíràn," ni ó wí.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò lè parọ́! Wèrè ni nígbà tó kan ẹ̀yin, olóòótọ́ ni nígbà tó kan Bàṣírù. Ó mà kúkú dáa."

*

Mo mú Sodiqat lọ sí ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi òrí, pẹ̀lú kòǹpútà àgbéká rẹ̀. Sájẹ́ǹtì tẹ̀lé wa. Mo kọ́ kòǹpútà fún ọdún méjì ní póòlì kí n tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. N kò tó gbéraga nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Sodiqat, ìwọ lo fi orúkọ sínú káàdì wọn?"

"Èmi ni, Mà."

"Kí lo kọ sínú ti Akọ̀wé?"

Ó ń fi ọwọ́ ra etí híjáàbù rẹ̀. "Bàbá Àwáwù."

"Ti Alága?"

"Bàbá Rùkáyàt."

"Wọ́n fún ọ ní ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Tàófíìkì ló wà níbẹ̀. Ismaheel ló wà níbẹ̀."

"Mádàámù, wọ́n tó bí mi lọ́mọ! Báwo ni mo ṣe máa jókòó, kí n máa tẹ orúkọ wọn gbàgà gbàgà bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lè ṣe é? Bí mo ṣe ń pè wọ́n ni mo ṣe kọ wọ́n. Ọkùnrin márùn-ún, Bàbá Lágbájá. Obìnrin mẹ́ta, Ìyá Lágbájá. Bàṣírù kò tíì bímọ, ojúgbà mi ni, mo kọ Bàṣírù."

Mo bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́ rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n báyìí! Ènìyàn mẹ́fà ni B, wọ́n sì mú èyí tí kò ní bàbá níwájú orúkọ rẹ̀.

"Kí ló wá dé tó jẹ́ lẹ́tà kan kan ló ń tẹ̀?"

"Mo rò pé yíǹkì ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ tẹ ìwé. Nígbà tí Akọ̀wé rí B, tí wọ́n pariwo pé Bàṣírù ni, mo... ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ní ẹ̀rọ mi kò pé, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin."

"Sọ bí o ṣe kọ ọ́ fún mi. Èdè kòǹpútà wo?"

"C ni, Mà." Ó gbà á sọ, ohùn rẹ̀ sì ń le díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó padà dé ilé ara rẹ̀. "Lẹ́tà òyìnbó lásán, yàrá kan ló ń gbé nínú kòǹpútà. Ṣùgbọ́n tiwa, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, yàrá kan kì í tó o. Nítorí náà, mo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní yàrá méjì méjì. Lẹ́tà fífẹ̀ ni."

"B kò ní àmì ńkọ́?"

"Òun náà gba méjì. Ó ń gbé inú àkọ́kọ́, èkejì ṣófo. Òdo ló wà níbẹ̀."

"Apá tó ń tẹ ìwé, ìwọ lo kọ ìyẹn náà?"

"Rárá. Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo so ó mọ́ tèmi."

"Ṣé lẹ́tà fífẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kà, àbí lẹ́tà tín-ín-rín, oníyàrá kan?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Tín-ín-rín ni."

"Kòǹpútà kò kìlọ̀ fún ọ?"

"Ó kìlọ̀, Mà. Mo fipá sọ fún un pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo rò pé ó ti dáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún èmi àgbà," Sájẹ́ǹtì wí.

"Sájẹ́ǹtì, ká ní wọ́n rán ẹ̀yin lọ ka àwọn ará ilé kan. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀. Yàrá tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá ní òfìfo, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé ti parí, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ẹ wọ yàrá kìíní, ẹ bá B. Ẹ wọ èkejì, òfo ni. Kí lẹ máa ṣe?"

"Màá padà."

"Ohun tí apá tó ń tẹ̀wé ṣe nìyẹn. Fún un, òdo ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi B bẹ̀rẹ̀, B lásán ni yóò tẹ̀. Àwọn ìyá tí orúkọ wọn fi Ì olámì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ lẹ́tà yẹn, ló bá ya àkàsọ̀ tó mọ̀."

"Àwọn tó wà ní yàrá yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Mo yíjú sí Sodiqat. "Ṣí fáìlì ọjọ́ Jímọ̀ bó ṣe wà. Má jẹ́ kí nǹkan kan tú u fún wa. Nọ́ńbà inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ rí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà kún ojú kòǹpútà, àwọn mìíràn ní lẹ́tà nínú. Ó fi ìka tọ́ka sí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá: 42, òfo. E0, òfo.

"B. À," ni ó kà.

"Títí dé ibí, Bàṣírù àti Bàbá jọ ń rìn ni. Èyí tó kàn ló máa yà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ Bàṣírù ni, kí ló máa wà níbẹ̀?"

"63, 1E. Ṣ wa tóbi, yàrá méjèèjì ló máa ń kún."

"Bó bá jẹ́ Bàbá ńkọ́?"

"62. Òfo á tẹ̀lé e."

Bí ó bá jẹ́ 63, èmi fúnra mi ni màá buwọ́ lu fáìlì Bàṣírù. Sodiqat sún ìka rẹ̀.

62. Òfo.

"Àlùhàmdùlílàhì!" Sájẹ́ǹtì kígbe.

"Ẹ rọra, Sájẹ́ǹtì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí kì í ṣe ni. Bàbá márùn-ún ló kù." Nínú ọkàn mi, mo ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Alága. Òun ló ń kánjú, òun ni kò fẹ́ kí n wọlé. Mò ń retí 52, R ti Rùkáyàt. Sodiqat fo àlàfo tó wà láàárín orúkọ, ó dúró.

C0. Òfo. 77. Òfo. E1. Òfo. 77. Òfo. F9. Òfo.

Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè pè é. "Bàbá Àwáwù."

Akọ̀wé ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlàájì Ismaheel nínú ọkàn mi níbẹ̀, mo sì bú ara mi, torí ohun tí mo bá àwọn ará Ofiki wí lé lórí ni èmi náà ń ṣe.

"Mà, bí mo bá sọ èyí jáde, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Wọ́n lè lé mi."

"Wọ́n lè lé ọ. Bàṣírù, wọ́n ti tì í mọ́lé."

Ó pa kòǹpútà dé, ó fà á mọ́ra. "Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ níwájú wọn," ni ó wí. "Kí wọ́n lé mi."

*

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn Àsárì, ẹsẹ̀ kò gbèrò níwájú ilé Alága. Àwọn àgbà jókòó lórí ẹní. A mú Bàṣírù dé láìsí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ tẹ̀lé wa wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ká ọwọ́ gbera.

"Bàṣírù," Akọ̀wé pè é, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "dọ̀bálẹ̀, bàbá mi, ká lè tètè lọ sílé."

"Mi ò dọ̀bálẹ̀," Bàṣírù fèsì.

Ariwo sọ. Mo gbọ́wọ́ sókè.

"Àlàájì, ìbéèrè kan ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi dáhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ta ló jókòó tì yín ní mọ́ṣáláṣí?"

"Akọ̀wé ni."

"Ṣé ó kúrò níbẹ̀?"

"Àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́, ó jáde lọ tún un ṣe."

"Ìgbà wo ló padà?"

Alága fẹ́ dáhùn, ó sì dúró. Ó ń ronú, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó ń ronú. "Mi ò rí i mọ́ títí a fi sàlámà parí ìrun. Mo rò pé ẹ̀yìn ló dúró sí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ta ló rí i?"

Wọ́n ní àwọn kò rí i. Sodiqat dìde. Ó sọ fún wọn pé àṣìṣe òun ni, pé ẹ̀rọ kò kọ B, odidi orúkọ ló kọ, apá tó ń tẹ̀wé ni kò kà á tán. Ó gbé kòǹpútà kalẹ̀ níwájú wọn, ó ka yàrá kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìparí. Nígbà tó dárúkọ yẹn, ojú gbogbo wọn yí sí ọ̀nà kan.

"Irọ́ ni!" Akọ̀wé fò dìde. "Ẹnìkan ló jí káàdì mi!"

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. "Ohun tó bá kan irúgbìn yẹn, pípọ́n ló ń pọ́n. Ẹ bá wa ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ yín."

Kò lọ. Alága ló na ọwọ́ sí i pé kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Sájẹ́ǹtì ṣí bọ́ọ̀tù náà, ó fi áńkáṣíìfù funfun rẹ̀ nu kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ó sì gbé e sókè fún gbogbo ayé rí. Ó ti pọ́n wẹ̀.

Tàófíìkì jókòó lulẹ̀. "Mo gba ilẹ̀ tuntun ní Komu, ibẹ̀ ni mo kó wọn lọ," ni ó wí. "Òjò ń lọ. Àpò kan, àpò kan lẹ ní ẹ fẹ́ pín fún wa. Kí lẹ fẹ́ kí n fi àpò kan ṣe?"

"Ẹ fi gbin oko," Bàṣírù wí, "bí àwa tó kù ṣe fẹ́ fi gbin tiwa. Ẹ sì fi orúkọ mi bo ojú rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù lọ ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Kí ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu Tàófíìkì, àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀: ó ti jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi ṣe ti ilé. Tàófíìkì gbọ́ ọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàṣírù. Gbogbo wọn wá kọjú sí ọmọkùnrin náà: "Gbà á dìde! Ọmọdé kì í jẹ́ kí àgbà pẹ́ nílẹ̀!"

Bàṣírù bẹ̀rẹ̀, ó gbà á dìde tọwọ́tẹsẹ̀, ó tún gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Mo rò pé ó ti rọ̀.

"Bàbá Àwáwù, mi ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tiyín kù sọ́wọ́ Mádàámù." Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí ẹní. "Ẹ̀yin bàbá ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Òun ló jí irúgbìn, ẹ̀yin lẹ pè mí lólè. Ìyá mi kò tíì ṣílẹ̀kùn láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ ti máa sọ pé mi ò jalè."

"Ṣé gbogbo wa?" ẹnìkan béèrè.

"Gbogbo yín."

Ọ̀gá wa wò mí. Mo wò ó padà, mo ní kóòtù Mọ́ńdè ṣì wà, sà, orúkọ ẹni tó ń lọ ló yí padà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Tàófíìkì.

Àlàájì Ismaheel ló kọ́kọ́ dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó bọ́ síwájú, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba àárín ìlú kọjá, àwọn obìnrin ń jáde wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé alámọ̀ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, Alága dúró, ó wúkọ́.

"Ìyá Bàṣírù," ni ó wí, "ọmọ yín kò jalè."

Ohùn obìnrin kan jáde láti inú ilé.

"Èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ pariwo rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò gbọ́."

Àlàájì Ismaheel sì pariwo rẹ̀.